Ẹ Yé Fi Ojú Mu Stout

Stout tí kò dúdú, stout ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń mutí, Odeku nìkan ni wọ́n ń pè ní stout. Ẹ bínú o, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọtí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn apọntí kéékèèké ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní white stout, pale stout tàbí golden stout. Orúkọ ló pọ̀, irú ọtí kan náà ni. Tí ẹ bá dà á sínú ife, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, tàbí bí lager tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ lè rí ìka ọwọ́ yín láti òdìkejì ife. Ẹ wá gbé e súnmọ́ ẹnu: kọfí ló kọ́kọ́ kan imú, ṣokoléètì tẹ̀lé e. Tó bá dé ẹnu, ó nípọn, ó ń yọ̀ lórí ahọ́n bí ògì tí wọ́n po wàrà mọ́. Ojú ní lager ni, ahọ́n ní stout ni. Ẹjọ́ tó wà láàárín ojú àti ahọ́n yìí ni mo fẹ́ dá lónìí, ẹ sì ti mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn.

Nígbà kan, mo gbé ìgò irú ọtí yìí kan síwájú àwọn tí a jọ ń kọ kóòdù, lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀kan wò ó, ó ní, "Stout wo nìyí? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?" Èkejì ní ọtí obìnrin ni. Ẹ̀kẹta ní jìbìtì ni, pé wọ́n kàn fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ Lẹ́kí. Ìdájọ́ mẹ́ta ti jáde, kò sì tíì sí ẹni tó fẹnu kan ife. Ẹni tó tọ́ ọ wò tí kò fẹ́ràn rẹ̀, èmi àti ẹ̀ kò ní ìjà. Ẹni tó dá a lẹ́bi láì tọ́ ọ wò ni mò ń bá wí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé tí orúkọ yìí ti wá. Kí "stout" tó di orúkọ ọtí, ọ̀rọ̀ àpèjúwe lásán ni nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó túmọ̀ sí akíkanjú, ẹni tó le, ẹni tó lágbára. Nínú ìwé àfọwọ́kọ kan láti ọdún 1677, wọ́n ti lò ó fún ọtí, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni ọtí tó le. Ọtí tó le, ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè àwọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọtí èyíkéyìí tó bá le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni wọ́n lè pè ní stout, ìbáà dúdú, ìbáà mọ́. Láàárín ọdún 1800 sí 1850, Barclay Perkins, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpọntí tó tóbi jù ní London nígbà náà, ṣì ń ta pale stout fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ní àwọn ọmọ craft ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Báwo wá ni dúdú ṣe gba orúkọ náà mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́? Ní London, láàárín ọdún 1700 sí 1800, ọtí kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ amọ̀, tí àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù ní èbúté àti ní ojú pópó fẹ́ràn gan-an. Orúkọ àwọn alábàárù yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́: porter. Èyí tó le jù nínú porter ni wọ́n ń pè ní stout porter. Nígbà tó yá, pípè rẹ̀ gùn lẹ́nu, wọ́n gé porter dànù, ó ku stout. Bí ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe agbára ṣe di orúkọ ọtí dúdú nìyẹn.

Ẹni tó bá ti bá kóòdù àtijọ́ jìjàkadì rí mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Ẹnìkan kọ function kan lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ tí function náà ń ṣe ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ kò yí. Ẹni tó gba iṣẹ́ lánàá wá dé, ó ń bá gbogbo ilé jà pé ohun tó ń ṣe lónìí ló ti ń ṣe láti ìpilẹ̀, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti ba nǹkan jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í bá a jà. A máa ń ní kó lọ ka git log ni. Git log ti stout nìyí: agbára ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ ká tún wo dúdú fúnra rẹ̀. Ọkà bálì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n sì rọra fi ooru gbẹ, kò dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní malt. Porter àtijọ́ gba àwọ̀ rẹ̀ lára malt tí wọ́n fi iná igi yan díẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1800 pé, àwọn apọntí bẹ̀rẹ̀ sí í lo hydrometer, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tó ń léfòó, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi ọkà. Irinṣẹ́ yìí ló tú àṣírí. Malt tí wọ́n yan yẹn kì í mú ṣúgà jáde tó malt tó mọ́. Owó ń ṣòfò láti ọjọ́ yìí wá, wọn ò mọ̀! Kíá, wọ́n yí sí malt tó mọ́, èrè sì pọ̀ sí i. Ìṣòro tó wá kù ni pé ọtí náà ń mọ́ ju bí ojú oníbàárà ṣe fẹ́ lọ.

Kí ni wọ́n máa ṣe? Àwọn kan jó ṣúgà, wọ́n fi ń pa ọtí láró, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè é. Ní 1817, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń yí bírí lórí iná, tó jọ èyí tí wọ́n fi ń yan kọfí. Ẹ̀rọ yìí lè yan malt títí yóò fi dúdú bí èédú láì jẹ́ kó di eérú. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti sọ odindi àgbá ọtí di dúdú. Láti ìgbà náà ni porter àti stout ti di ọtí tí wọ́n fi malt tó mọ́ pọn, tí wọ́n wá ju ẹ̀kúnwọ́ dúdú kan sí. Títí di òní, nínú stout ti Ireland, ọkà tí wọ́n yan di dúdú sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù kò dúdú rárá. Ẹ tiẹ̀ gbé ife Guinness síwájú iná kí ẹ wò ó dáadáa: pupa ni, pupa tó jinlẹ̀ bíi zobo tó ki.

Mi ò sọ pé dúdú kò ní adùn tirẹ̀ o. Ọkà yíyan ń mú ìkorò wá, ó ń mú òórùn kọfí wá, ó sì ń jẹ́ kí ọtí gbẹ lẹ́nu. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí Wheeler ń kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ojú ni wọ́n ń bá wá oúnjẹ.

Ti Nàìjíríà tún wá jọni lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìpọntí Guinness ní Ìkẹjà ṣí ní 1962, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ti Ireland àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1988, òfin tó de kíkó malt bálì wọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé ìpọntí wa sì kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọkà bàbà kò dúdú, àgbàdo kò dúdú. Báwo wá ni stout ṣe ń dúdú? Èròjà dúdú kan tó ki gan-an, tí wọ́n fi malt àti bálì yíyan ṣe ní Ireland, ni wọ́n ń gbé wá, tí wọ́n ń pò mọ́ ọtí tó mọ́ tí wọ́n fi ọkà bàbà àti àgbàdo pọn níbí. Ọtí náà dùn, ìmọ̀ ló wà nínú rẹ̀, n kò ní i lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: Odeku tí ẹ fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo stout ayé, ọtí tó mọ́ tí wọ́n po dúdú mọ́ ni. Ọ̀kan fi èròjà dúdú sọ ọtí tó mọ́ di stout, ìkejì fi kọfí àti kòkó sọ ọtí tó mọ́ di stout. Ẹ wá pe ọ̀kan ní ojúlówó, ẹ pe ìkejì ní jìbìtì. Ìdájọ́ wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Gẹ̀ẹ́sì fi kó wa sí wàhálà níbí. Wọ́n ní "white" stout. Funfun kẹ̀? Kí ló funfun níbẹ̀? Ọtí náà dà bí oyin. Nínú èdè wa, nǹkan tó bá ní irú àwọ̀ yẹn, pupa la máa ń pè é. Àárín ẹyin, pupa ẹyin ni. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́, ènìyàn pupa ni. Yorùbá ti ní ibi tí wọ́n máa gbé ọtí yìí sí kí wọ́n tó pọn ọ́n. Nítorí náà, láti ibi yìí lọ, stout pupa ni mo máa pè é. Ẹni tó bá fẹ́ kí n pè é ní funfun, kó lọ bu ògì sínú ife.

Ó dáa. Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bùọ̀dá, ọtí lásán ni gbogbo èyí, kí ló dé tí ẹ ń gbé e karí báyìí?" Ìdí tí mo fi gbé e karí ni pé ní ilẹ̀ wa, àwọ̀ dúdú inú stout ti di oògùn. Wọ́n ní ó ń fún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ó ń mú ọkùnrin le. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣàìsàn dìde fi mílíìkì lú u, kó mu ún, ara rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Tí ẹ bá bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe mọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé o ò rí bó ṣe dúdú ni?"

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàdédé hù. Ní 1929, nígbà tí Guinness kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìpolówó ńlá nínú ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ń sọ fún aráàlú ni pé ó ń ṣe ara lóore. Ní 1999, wọ́n gbé akọni kan jáde fún ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Michael Power. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Agbára ni wọ́n sọ ọ́! Ní 2003 wọ́n fi í ṣe odindi fíìmù, Critical Assignment. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ẹ̀gbọ́n ẹni. Orúkọ ń ro ọmọ, ó sì ń ro ọtí. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ọtí tó le" ní 1677 ti di "ọtí tó ń sọ ọkùnrin di alágbára", dúdú sì ni ẹ̀rí tí wọ́n fi gbè é lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin ni ara nílò láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin tó wà nínú ife pint stout kan kò tó ìdajì mílígíráàmù. Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù nílò mílígíráàmù 18 lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé kó tó rí irin ọjọ́ kan láti inú stout, yóò mu ju ife 36 lọ. Kí ó tó dé ìdámẹ́rin rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n á gbé e lọ, kì í sì í ṣe nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù wà lọ́jà. Ẹ̀wà wà. Ẹ̀fọ́ wà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, dókítà ló yẹ kó lọ rí, kó mọ ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Aboyún sì rèé, tí ìyá àdúgbò ń fún ní stout torí ọmọ inú, ọtí líle ni wọ́n ń fún ọmọ náà. Foreign Extra tí a ń mu níbí, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ọtí gan-an. Ìyẹn ni agbára tó wà nínú rẹ̀, kò sí òmíràn.

Ibí ni mo ti fẹ́ràn stout pupa jù. Ó ní adùn stout, ó ní nínípọn stout, ó sì sábà máa ń le bíi stout. Àwọ̀ nìkan ni kò ní. Tí ẹ bá wá wò ó, tí ẹ sì sọ pé kò lè fún ẹ̀jẹ̀, pé kò lè mú ọkùnrin le, ẹ ti jẹ́wọ́ ohun tí ẹ gbà gbọ́: pé àwọ̀ ni ẹ ń rà. Èyí tó ní ọtí obìnrin ni yẹn, kí ló rí? Kò rí iye ọtí inú rẹ̀, kò ka ara ìgò. Ó rí pupa, ó sì ti mọ irú ènìyàn tó yẹ kó mu ún. Àwọn obìnrin tó mọ ọtí mu dáadáa wà, tí wọ́n ń mu Odeku láì bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin wà tí wọn kò fẹ́ràn ìkorò. Ahọ́n kò mọ akọ, kò mọ abo.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ojú ń tàn jẹ. Ní 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 54 jọ, àwọn tó ń kọ́ nípa wáìnì ní yunifásítì. Wọ́n gbé wáìnì funfun fún wọn, wọ́n sì tún gbé wáìnì funfun yẹn kan náà fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi aró pupa tí kò ní òórùn sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún wáìnì pupa ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ rántí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn o! Tí ojú bá lè fọwọ́ bo imú akẹ́kọ̀ọ́ wáìnì ní Bordeaux, kí ni kò ní ṣe fún ẹni tó jókòó sí ilé ọtí ní Ọjọ́ọ̀ta lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì?

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu àwọn tó ń bá mi jiyàn, torí àwọn kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Wọ́n kàn da kọfí sínú bíà ni." Bẹ́ẹ̀ ni, apá kan nínú rẹ̀ nìyẹn, ó sì gba ọgbọ́n. Malt tó mọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi oats tàbí bálì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ sí i kó lè nípọn. Àwọn mìíràn ń fi ṣúgà inú wàrà sí i, torí ìwúkàrà tó ń sọ omi ọkà di ọtí kì í lè jẹ ṣúgà yẹn, yóò ṣẹ́kù, yóò sì dùn díẹ̀. Lẹ́yìn tí ọtí bá ti pọn tán ni wọ́n á rẹ hóró kọfí tí wọn kò lọ̀ sínú rẹ̀, ní tútù, fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù, àwọ̀ á jáde, ìkorò burúkú á tẹ̀lé e. Wọ́n á tún rẹ kòkó yíyan tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, tí òórùn ṣokoléètì rẹ̀ ń jáde láì ba àwọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn kó gbìyànjú ẹ̀ nílé. Èyí tí mo sì máa gbà fún yín ni pé stout pupa kò ní ìkorò ọkà jíjó tó máa ń gbá ọ̀nà ọ̀fun mú. Ẹni tó bá jẹ́ pé torí ìkorò yẹn ló ṣe ń mu stout, kò ní rí i níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó padà sídìí dúdú rẹ̀. Mo tún gbà pé àwọn apọntí ọ̀lẹ kan wà tí wọ́n ń da òórùn inú ike sínú lager, tí wọ́n ń pè é ní stout. Ìyẹn burú. Ahọ́n ni yóò mú wọn, ojú kò lè mú wọn.

Èkejì, wọ́n ní orúkọ ń tako ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé Black IPA wà? "P" tó wà láàárín orúkọ yẹn, "pale" ni. Ọtí dúdú tó ń jẹ́ pale! Ìwé ìtọ́nisọ́nà BJCP, tí àwọn adájọ́ ìdíje ọtí ń lò káàkiri, fún un ní àyè tirẹ̀ láti 2015, ayé kò sì parẹ́. Ṣé dúdú lè wọ ilé pupa, kí pupa má lè wọ ilé dúdú ni?

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí òótọ́ wà níbẹ̀: wọ́n ní ọtí olówó ni, pé kò sí ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún owó ọ̀yà yóò fi bìkítà. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ tiwa. Bálì yíyan tó ń sọ stout di dúdú, òkè òkun ló ti ń wá. Kòkó tó ń sọ stout pupa di stout ńkọ́? Ìdànrè ni. Ilé-Olújì ni. Oko bàbá àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dúró ní 1955, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára Cocoa House tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965. A ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú àpò, òyìnbó fi pọn stout, a wá ń rà á padà ní owó gọbọi, tàbí kí a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò dúdú. Nínú méjèèjì, n kò mọ èyí tó burú jù.

Ọtí pípọn sì rèé, kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ń rẹ àgbàdo, wọ́n ń jẹ́ kó hù, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan, ó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìlànà malt ni wọ́n ń tẹ̀lé láìsí hydrometer. Kò sì sẹ́ni tó bi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pé kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ rí báyìí. Wọ́n máa ń bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á ní ó ti dé tàbí kò tíì dé. Lónìí, àwọn apọntí kéékèèké ti wà ní Nàìjíríà, irú Bature Brewery tó wà ní Abuja àti Èkó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnìkan pọn ni stout pupa tó ní ọkà bàbà, àgbàdo àti kòkó Òǹdó nínú, tí wọ́n á tà ní iye tí ẹni tó ń wọ dáńfó lè san. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ya ẹnu nígbà tí òórùn kòkó jáde láti inú ife pupa?

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ dán an wò. Ẹ gba ife mẹ́ta tí ẹ kò lè rí inú wọn, kí ẹnìkan da stout dúdú sí méjì, kó da stout pupa sí ọ̀kan, tàbí kó ṣe é ní ìdàkejì, kó má sọ fún yín. Ẹ di ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọtí náà tutù bíi yìnyín, torí òtútù yẹn ń pa òórùn, ahọ́n á sì kú. Kí ẹ sọ èyí tó yàtọ̀. Tí ẹ bá kàn ń méfò, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ máa gbà á, nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì sílẹ̀. Tí ẹ bá ń mọ̀ ọ́n nígbà gbogbo, ó dáa, ẹ sọ ohun tí ahọ́n fi mọ̀ ọ́n: ìkorò ni, adùn ni, nínípọn ni. A ti wá ní nǹkan tí a lè jọ jiyàn lé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọn, tiyín náà rèé. Ẹ kọ ohun gbogbo tó wà nínú ìgò sí ara ìgò. Ẹ kọ oko tí kòkó ti wá. Ẹ kọ ọ́ tó bá jẹ́ òórùn inú ike lẹ fi sí i, ká lè mọ ohun tí a ń san owó lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ilé ọtí, ẹ yé sọ fún ọkùnrin tó béèrè rẹ̀ pé ti àwọn ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ̀ ń mu Odeku, ẹ máa mu ún, ó dùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Tí ẹnìkan bá wá gbé stout pupa síwájú yín, ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá korò jù, ẹ wí. Tó bá dùn jù, ẹ wí. Tó bá dà bí ọṣẹ, ẹ bú ẹni tó pọn ọ́n, màá bá yín bú u. Àmọ́ kí ahọ́n ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.